Spirited Away ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han ẹni tí kò wo ánímè rí

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Òṣogbo ló gbà pé ọmọdé ni káàtúùnù wà fún, ojú yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń wo ánímè, ìyẹn àwọn fíìmù àwòrán yíyà tí àwọn ará Jàpáànù ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún èrò náà rò kò ní ju àǹfààní kan lọ, nítorí bí fíìmù àkọ́kọ́ kò bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn, wọn kò ní jókòó ti èkejì. Lójú tèmi, fíìmù tó tọ́ sí àǹfààní kan ṣoṣo yẹn ni Spirited Away, tí Hayao Miyazaki darí fún ilé iṣẹ́ Studio Ghibli, tó sì jáde ní Jàpáànù ní ọdún 2001.

Àwọn ọ̀dọ́ wa sábà máa ń fẹ́ kí àlejò bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Naruto, ánímè alápá púpọ̀ kan, á ní kí ìyá òun wo Naruto, láìrántí pé apá 220 ni ti àkọ́kọ́ nìkan, kí a tó dé orí Shippuden, ìtẹ̀síwájú rẹ̀, tó ní apá 500. One Piece ńkọ́? Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó ti kọjá apá 1,000, wọn kò sì tíì parí rẹ̀. Attack on Titan dára gan-an, ṣùgbọ́n nínú apá àkọ́kọ́ pàá ni òmìrán ti jẹ ìyá ọmọ kan lójú ọmọ náà, èyí sì ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Death Note kò gùn, apá 37 ni, mo sì lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó fẹ́ràn àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n orí ìwé kan ló dá lé, tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ yóò kú, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni yóò sì ní kí a pa á kí ìtàn tó gbéra. My Neighbor Totoro, tí Miyazaki kan náà ṣe ní 1988, tutù, ó sì lẹ́wà, àmọ́ àgbàlagbà tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ti ọmọdé ni á rí i bí ẹ̀rí pé òun kò ṣì í sọ.

Spirited Away kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìjókòó kan ló gbà. Chihiro, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10, àti àwọn òbí rẹ̀ ń kó lọ sí ilé tuntun, ni wọ́n bá ṣìnà dé ibì kan tí kò sí ẹ̀dá alààyè. Oúnjẹ ń ta sánsán ní ìsọ̀ kan, bàbá àti ìyá jókòó tì í, wọ́n ń jẹ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bàbá ní kò séwu, owó wà lọ́wọ́ òun. Àṣé oúnjẹ àwọn òrìṣà ni. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, àwọn méjèèjì ti di ẹlẹ́dẹ̀. Kí ọmọ náà tó lè gbà wọ́n sílẹ̀, ó ní láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwẹ̀ ńlá kan tí àwọn òrìṣà ti máa ń wá wẹ̀ lóru. Àjẹ́ kan tó ń jẹ́ Yubaba ló ni ilé náà. Ó gba orúkọ Chihiro lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pè é ní Sen, ẹni tó bá sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Kò sí èyí tó nílò àlàyé fún Yorùbá nínú gbogbo èyí. Àwọn ará Jàpáànù máa ń sọ pé òrìṣà àwọn tó mílíọ̀nù mẹ́jọ, àwa náà sì ń pe tiwa ní ọ̀kànlénírinwó. Ẹni tó dàgbà láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ ìdajì ìtàn náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn Golden Bear tí wọ́n fún un níbi àjọ̀dún fíìmù ní Berlin ní 2002 àti Oscar tó gbà ní 2003 dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló máa mú àgbàlagbà jókòó.

Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ àwọn ìyá. Kamaji, bàbá arúgbó ọlọ́wọ́ mẹ́fà tó ń dáná omi ilé ìwẹ̀ náà, purọ́ nítorí Chihiro pé ọmọ-ọmọ òun ni, ó sì bẹ Lin, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, pé kó mú un lọ bá Yubaba. Ọmọ náà ti fẹ́ máa tẹ̀ lé Lin lọ nígbà tí Lin bi í bóyá ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ràn án lọ́wọ́. Ó yí padà, ó tẹrí ba, ó dúpẹ́. Bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa nìyẹn.

Ibi tí fíìmù náà ti wá bá Òṣogbo mu jù lọ ni ti òrìṣà elérùpẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, òrìṣà kan wọ́ wọ ilé ìwẹ̀ náà bí òkìtì ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ sì burú débi pé oúnjẹ tí Lin gbé bọ̀ bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Chihiro ni wọ́n ní kó wẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń da omi sí i lára ni ọwọ́ rẹ̀ ti ba ohun kan tó gún un wọ ẹ̀gbẹ́. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, gbogbo òṣìṣẹ́ dì í mú, wọ́n fà á, kẹ̀kẹ́ ológeere kan yọ jáde, pàǹtírí tó ti kó jọ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ya tẹ̀ lé e. Òrìṣà odò ni, èèyàn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Miyazaki ti sọ ọ́ rí pé òun wà lára àwọn tó tún odò kan ṣe nítòsí ilé òun, tí wọ́n sì fa kẹ̀kẹ́ jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ aró àti àdìrẹ, ni mo fi ibẹ̀ hàn. Wọ́n ní kí n dá a padà kí àwọn tún un wò. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, “Ohun tí wọ́n ń ṣe sí Yèyé Ọ̀ṣun náà nìyí.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí láti ọdún mélòó kan ni omi Ọ̀ṣun ti ń ṣàn kọjá nínú Igbó Ọ̀ṣun ní àwọ̀ ẹrẹ̀, látàrí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, igbó tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ìtàn tí a gbọ́ láti kékeré ni pé nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn tẹ̀dó, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, Ọ̀ṣun sì figbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹni tí wọ́n sọ ìyẹn fún kò ní béèrè bí odò ṣe lè wá wẹ̀. Ọ̀ràn Haku, ọmọkùnrin tó ń ran Chihiro lọ́wọ́, jẹ mọ́ èyí náà, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ kí ẹ fúnra yín rí i.

Fíìmù náà ní àléébù. Kaonashi, abàmì tó ń fi wúrà tan àwọn òṣìṣẹ́ tó sì ń gbé wọn mì, lè dẹ́rù ba ọmọ kékeré. N kò ní fi han ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7. Yubaba ní ìkejì rẹ̀, Zeniba, ìbejì ni wọ́n, ìjà wọn sì le, síbẹ̀ wọn kò sọ gbòǹgbò rẹ̀ tó fún àwa tí ọ̀rọ̀ ìbejì jẹ lógún. Ibì kan wà tí Chihiro wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lórí omi, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó jẹ́ orin Joe Hisaishi nìkan ni à ń gbọ́. Àlejò lè na ọwọ́ sí fóònù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sáré kọjá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà.

Láti ọdún 2020 ni àwọn fíìmù Ghibli ti wà lórí Netflix fún àwa ará Áfíríkà. Ẹ gbà á sílẹ̀ ṣáájú, kí nẹ́tíwọ̀kì má baà já a sí méjì, kí ẹ sì rí i pé bátìrì kún. Èdè Jàpáànù dùn létí jù, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà máa ka Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ àwòrán fún wákàtí méjì, ìyà ni. Èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ni kí ẹ lò fún wọn, tàbí kí ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ máa sọ ọ́ ní Yorùbá ní ṣókí.

Bí wọ́n bá fẹ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, Princess Mononoke ti ọdún 1997 ló kàn, tó dá lórí ìjà àwọn òrìṣà igbó pẹ̀lú ìlú tó ń yọ́ irin, ṣùgbọ́n ẹ lé àwọn ọmọdé sùn ná, nítorí wọ́n ń gé apá, wọ́n ń gé orí nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìtàn ìfẹ́ ló fẹ́ràn jù, Your Name tí Makoto Shinkai ṣe ní 2016 ni kí ẹ gbé fún un.