Igbó mẹ́rin àti òkè kan, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́

Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ lọ wo igbó ọba ní Benin, Pendjari àti W ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ jìnnà sí wa, ààbò rẹ̀ ò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ mọ́: ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn agbébọn pa àwọn aṣọ́gbó nínú ọgbà W. Bẹ́ẹ̀, igbó wà nítòsí. Igbó Pobẹ̀, igbó Kétu òun Dogo, igbó Lama, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ àti igbó Toui-Kilibo wà níbẹ̀, àwọn tó ń yà síbẹ̀ kò sì pọ̀. Wọn ò dọ́gba o. Òmíràn tó ohun tí èèyàn ń jí lọ wò ní ìdájí, òmíràn ò tó epo tí ọkọ̀ máa jó débẹ̀. Ohun tó sì máa ń ba ìrìn náà jẹ́ kì í sábà jẹ́ igbó fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ò mọ̀, àkókò tí a fi débẹ̀, àti àṣẹ tí a ò gbà ni.

Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀kan gba Sakété àti Pobẹ̀ lọ sí Kétu, nǹkan bí 100 kìlómítà láti Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá tètè jí lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan. Èkejì gba Kútọnu, Allada, Bohicon, Ìdáàṣà àti Glazoué dé Ṣábẹ̀ẹ́, nǹkan bí 250 kìlómítà láti Kútọnu. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fún un. Àwọn kan máa ń fẹ́ so ọ̀nà méjèèjì pọ̀, kí wọ́n gba inú igbó láti Kétu bọ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Àyàfi bí ó bá jẹ́ àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọkọ̀ yín jẹ́ 4x4, tí ẹ sì rí awakọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má dán an wò.

Pobẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Igbó kékeré ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rìn ín já kó má rẹ̀ ẹ́. Inú ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 ló wà, ìdí nìyẹn tí àáké ò fi tí ì jẹ ẹ́ tán: ọ̀pẹ ló yí i ká, ọ̀pẹ ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ilẹ̀ oko. Bí ẹ bá ti kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ wọ abẹ́ igi, ara yín á mọ̀ pé ooru ti dín. Arère wà níbẹ̀, ìta wà níbẹ̀, ìrókò wà níbẹ̀. Ẹ wo ìdí arère dáadáa: gbòǹgbò rẹ̀ dìde lórí ilẹ̀ bí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga ju èèyàn lọ, bí ẹ bá fi ìkúùkù lù ú, á dún bí ìlù. Àwọn tó mọ igi nìkan kọ́ ni ibẹ̀ dára fún. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti kọ́ ọmọdé bí igbó àwọn baba wa ṣe rí kí igi tíìkì tó dé.

Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ ní Pobẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń lọ lọ́jọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú. Ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà ní èdè Faransé sí ọ̀gá ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ kọ iye èèyàn, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ wò sínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ bèèrè fún òṣìṣẹ́ tó mọ orúkọ igi láti bá yín rìn. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn nìkan ò tó, torí igbó tí a ò mọ orúkọ igi inú rẹ̀, wákàtí kan ló máa gbà kó tó súni. Ní ti owó ọwọ́ ẹni tó bá yín rìn, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé, kó má di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Láti Pobẹ̀ dé Kétu, igbó Orò pọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n dúdú, wọ́n tutù, wọ́n á wu ojú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yà sí láti ya fọ́tò. Láti 2012 ni òfin ìjọba pàápàá ti fọwọ́ sí i pé igbó àwọn òrìṣà jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Bí ẹ bá rí màrìwò ní ẹnu ọ̀nà, ẹ kọjá. Àwọn obìnrin tó bá wà nínú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá Orò ń jáde lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sùn síbẹ̀.

Igbó Kétu òun Dogo, ní tòótọ́, kò tó ẹni ń ti Àjàṣẹ́ wá nítorí rẹ̀ nìkan. Ó gbòòrò lórí ìwé, ṣùgbọ́n tíìkì, oko ẹ̀gẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń sun èédú ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ó sì dunni. Igbó tó kù níbẹ̀ fara ti etí odò. Bí ẹ bá fẹ́ débẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ yín sílẹ̀ ní ìlú, kí ẹ gba zẹ́m méjì tàbí mẹ́ta tí ọlọ́kadà wọn jẹ́ ọmọ abúlé ẹ̀bá igbó náà. Ọ̀nà èédú ṣe tóóró, iyanrìn rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ohun tí ọkọ̀ kékeré lè gbà lọ. Ẹyẹ ni kí ẹ lọ wò, kì í ṣe ẹran. Bí àyè ò bá sí, ẹ lọ wo Akaba Idẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, láàárín ìlú, kí ẹ jẹun, kí ẹ padà.

Ní ọ̀nà kejì, Lama lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo igbó tí a ń sọ yìí, òun la lè ní kí èèyàn ta ìsinmi rẹ̀ sí láìbẹ̀rù. Wọ́n fi í ṣe igbó ọba ní 1946, 16,250 hẹ́kítà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ojúlówó igbó ń bẹ nínú ààrin rẹ̀, 4,777 hẹ́kítà péré tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Tíìkì ló yí i ká. Àìmọye èèyàn ló ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ tíìkì, tí wọ́n sì padà sílé pé Lama ò ní nǹkan kan. Abẹ́ tíìkì máa ń gbẹ táútáú, ewé rẹ̀ ńlá ńlá á máa fọ́ lẹ́sẹ̀ bí àpáàdì, kò sí ìtàkùn, kò sí ọ̀bọ. Ìgbà tí ẹ bá rí apá, àràbà, igi dúdú, àyin àti awin lójú kan, tí ọ̀run ti pamọ́ sẹ́yìn ewé, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lama.

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igi, ONAB, ló ń bójú tó o, ọwọ́ wọn la ti ń gba àṣẹ. Ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀ṣọ́ tó bá pàdé yín nínú ààrin igbó láìsí ìwé kò ní bi yín bóyá arìnrìn-àjò ni yín tàbí agégi. Òfin igbó ti 1993 ni yóò kà sí yín létí.

Lama, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà ò purọ́. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń là, ọwọ́ á wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà á mu omi, á wú, ojú ìlà á dì, omi ò wá ní ibi tí yóò gbà mọ́, gbogbo ilẹ̀ á di ọbẹ̀ ewédú. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró kì í ṣe pé ilẹ̀ rọ̀ nìkan. Amọ̀ yẹn á kún ojú eyín táyà títí táyà á fi dán bí ẹyin, á máa yí lójú kan láìdi nǹkan kan mú. Nítorí náà, lẹ́yìn òjò, ẹ fún ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kó gbẹ. Ẹ dá ọkọ̀ dúró síbi tí ilẹ̀ ti le gbẹ̀yìn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni àkókò tó dára jù.

Bí ó bá ti rì, ẹ má tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí táyà bá ṣe ń yí ló ṣe ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ amọ̀ iwájú táyà kúrò, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ yọ èyí tó há sí ojú eyín rẹ̀. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé 1.5 bar, kí ẹ tẹ́ pákó méjì tó gùn tó mítà kan sílẹ̀, kí ẹ wá fi jíà kejì jáde pẹ̀lẹ́. Igi gbígbẹ tó ti ṣubú lè dípò pákó, ṣùgbọ́n ẹ má gé tútù. Okùn mítà mẹ́wàá àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú bùútù. Ẹ fẹ́ táyà náà padà kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà: táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń sáré, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́.

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ọ̀bọ kan ni. Ikùn rẹ̀ pupa, ọ̀fun rẹ̀ funfun bí òwú tí wọ́n so mọ́ ọn lágbọ̀n. Láti Tógò dé Nàìjíríà nìkan ló wà lórí ilẹ̀ ayé. Kì í dúró de àlejò. Ẹ gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ igi láago mẹ́fà àárọ̀. Bí ó bá di mẹ́sàn-án, wọ́n ti wọ inú ewé lọ sinmi, àfi láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Etí ni kí ẹ fi wá a kí ẹ tó fi ojú wá a. Lásìkò awin, ẹ dúró jẹ́ẹ́ ní ìdí igi awin kan kí ẹ máa fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí èèpo dúdú rẹ̀ bá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dún pó, pó, lórí ewé gbígbẹ, tí kò sì sí afẹ́fẹ́, ẹnì kan ń jẹun lókè. Ẹ mú èèpo kan wò: bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, tí àmì eyín wà lára rẹ̀, ẹ kàn gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára, ló dára jù fún abẹ́ igi. Èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ṣókùnkùn, ó sì ń gbọ̀n lọ́wọ́. Aṣọ funfun àti ọ̀rá tó ń dún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Láti Lama, ẹ ra epo ní ilé epo ní Bohicon tàbí Ìdáàṣà. Kpàyó, epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò, wà lójú ọ̀nà gbogbo, ó sì ń gba èèyàn nígbà ìṣòro, ṣùgbọ́n omi àti ìdọ̀tí máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tuntun kì í sì í fara dà á. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gbé ìgò náà sókè sí oòrùn kí ẹ wo ìdí rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ má sì da ìdajì ìka tó wà nísàlẹ̀ sínú táńkì.

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti ń bọ̀ ni yóò ti máa pè yín. Àpáta ràbàtà ràbàtà, orí wọn rí róbótó, ìlú wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ààfin, torí òkè wọ̀nyí kì í ṣe òkúta lásán lójú ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ni yóò sọ èyí tí a lè gùn àti èyí tí a kì í gùn. Ẹ mú ọ̀dọ́kùnrin ìlú kan lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá, torí àpáta náà máa ń gba oòrùn sára, a sì máa tú ooru rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibi tó dúdú lára àpáta, tó dà bí ẹni da omi aró sí i, ọ̀nà omi ni. Bí ìrì bá wà lórí rẹ̀, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ibi tó funfun ni kí ẹ tẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀, omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó tó. Lẹ́yìn èyí, iyán ń dúró dè yín nísàlẹ̀, iyán Ṣábẹ̀ẹ́ kì í sì í já ẹni kulẹ̀.

Toui-Kilibo ló kù, nǹkan bí 60 kìlómítà sí àríwá Ṣábẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà Parakou. Ẹ̀yà mìíràn ni: ọ̀dàn ni, emi àti igbá, koríko tó ga ju orí lọ. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Kẹwàá yóò rí koríko, kò ní rí nǹkan mìíràn. Oṣù Kejì ni tiẹ̀, nígbà tí iná ti jó ìgbẹ́ tán tí ewé tuntun ń hù. Ìgalà á máa jáde wá jẹ ẹ́ ní ìdájí, ojú á sì ríran jìnnà. Ooru ibẹ̀ kì í ṣeré: lítà márùn-ún omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, torí eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, a sì máa gún èèyàn láti orí aṣọ. Àwọn Fúlàní ń kó màlúù kọjá lásìkò yìí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí agbo kọjá tán.

Ẹ yọjú sí ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó àti àwọn ọlọ́pàá kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó jáde, kí ẹ sì padà lọ sọ fún wọn pé ẹ ti jáde. Kí ẹ ti wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ kó tó di aago méje alẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ni ọ̀nà yẹn lóru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò níná lẹ́yìn, èyí tó bá sì bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ̀ka igi díẹ̀ ni wọ́n ń tò sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kí ẹ fi mọ̀.