Wọ́n lẹ téèpù mọ́ páálí B-17 mi tààrà

Kit bàálù onígi kan ni mo rà, àwọn ègé igi tí èèyàn máa gbẹ́, tá á tò di bàálù kékeré. B-17 ni, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Strombecker ló ṣe é, kit ìgbà ogun àgbáyé kejì, lọ́wọ́ àwọn kan tó jẹ́ pé kit àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Páálí ẹ̀ ti lé ní 80 ọdún. Eku ò jẹ ẹ́, omi ò wọ̀ ọ́, ọmọdé ò fà á ya, àfìgbà tó dé ọwọ́ ẹni tó máa dì í ránṣẹ́ sí mi. Sẹ́lótéèpù, aláwọ̀ igi tí wọ́n fi ń di kọ́tọ́nù yẹn, ló fà, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí páálí náà tààrà, kò fi bébà sáàárín, kò fi ọ̀rá wé e, orí àwòrán bàálù yẹn gan-an ló gbé e gbà. Mo rọra ṣí etí ẹ̀ kan, kò ju ìbú èékánná lọ, bébà àwòrán bá a jáde. Mo dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Inú mi ru gùdù.

Ẹni tó bá ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ máa mọ̀ ọ́n. Apá tó bá kán, èèyàn lè fi pákó tuntun gbẹ́ ẹ, bébà tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ sí wà nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá mi tẹ páálí ìgbà ogun míì?

Mo ya fọ́tò mẹ́rin, mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan fèsì: “Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ra ọjà, ààbò ọjà yín ni téèpù náà wà fún.” Mo ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún kọ̀wé, ó ní ṣé igi inú ẹ̀ ò fọ́, mo ní igi ò fọ́, páálí ni mò ń sọ, ó ní páálí kì í ṣe ara ọjà. Bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń polówó ẹ̀ pé “páálí ẹ̀ ṣì dáa gan-an”, torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe rà á!

Ibi tá a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti rí i pé “balsa”, igi fúyẹ́ tó rọ̀ yẹn, ni wọ́n kọ sójú ìwé tí wọ́n ti ń polówó ẹ̀. Kì í ṣe balsa o. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn igi pine ló kọ́kọ́ kọ lù mí, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò jìn, balsa á sì jìn wọnú kíá. Lásìkò ogun, balsa tó ń wá láti Ecuador, iṣẹ́ ogun ni wọ́n ń kó o lọ ṣe, ọkọ̀ ojú omi pélébé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là, ara Mosquito, bàálù ogun onígi ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe kit wá ń lo pine àti igi míì tó ń jẹ́ basswood, àwọn míì tiẹ̀ lo páálí lásán. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un. Ó ní balsa ló wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn, òun á sọ fún ọ̀gá.

Ọjọ́ kẹta, fóònù dún. Bàbá kan láti ọ̀dọ̀ wọn ni, ohùn ẹ̀ tutù. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ ò tíì fa téèpù yẹn, àbí?” Mo ní rárá sà. Ó ní, “Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ má fà á o.” Ó ní kí n lọ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, kí n gbé e sí ooru tó kéré jù, kí n má jẹ́ kó dúró lójú kan, kí n wá máa ká téèpù padà sórí ara ẹ̀, pẹlẹbẹ, kí n má fà á sókè. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró tì mí títí, gbogbo ìgbà ló ń bi mí pé “bébà ń kọ́?” Ó gbà wá tó 40 ìṣẹ́jú. Ó jáde! Ibi tí èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ ya yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ o. Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà àwọn decal náà, àwòrán àmì tí wọ́n ń fi omi rẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù, sórí kọ̀ǹpútà kí omi tó kàn wọ́n, kí n fi fánísì tín-ínrín bò wọ́n, torí decal àtijọ́ máa ń fọ́ yángá nínú omi, kí n fi èyí tó kéré jù dán an wò ná. Ó sọ bí àwọn Navy Amẹ́ríkà ṣe ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbẹ́ 500,000 bàálù onígi lọ́dún 1942, ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé bàálù gidi fi ìlọ́po 72 gùn jù ú lọ, dúdú kiriri ni wọ́n kùn wọ́n kí àwọn sójà lè máa fi ìrísí mọ bàálù ọ̀tá yàtọ̀ sí tiwọn. Mo bi í bóyá kí n to tèmi. Ó ní kí n fi igi inú ẹ̀ ṣe àwòkọ, kí n gbẹ́ òmíràn láti ara pine tuntun, kí n sì to ìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí nìyẹn, apá òsì ti tán.

Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, “balsa” ṣì wà lójú ìwé wọn. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà, ẹ̀dínwó orí ọjà míì ni wọ́n fi lọ̀ mí, mi ò gbà á. Ọ̀rẹ́ mi gba ẹrù tiẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, téèpù lórí páálí, bákan náà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5, bàbá yẹn ló ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa rà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbi àdírẹ́sì pé kí wọ́n fi bébà wé páálí kí téèpù tó kàn án, tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ ní bàbá tó mọ̀ nípa igi lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.