Wọ́n Ní Èkúté Ti Tán Nílé Mi

Fìlà òtútù ọmọ mi ló mú mi kọ èyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó aṣọ rẹ̀ sí, mò ń wá ìbọ̀sẹ̀, ọwọ́ mi sì ba ohun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ṣí aṣọ kúrò. Ọmọ èkúté 6 ni, ara wọn pupa, wọn ò tíì hu irun, wọn ò tíì lajú, wọ́n dì mọ́ra wọn nínú fìlà tí ìyá wọn ti fi eyín já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Igbe tí mo ké, tọṣẹtọṣẹ ni ọkọ mi fi sáré jáde nínú balùwẹ̀. Òun ló kó wọn jáde. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 11 péré ṣáájú ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí mo sanwó fún láti wá pa èkúté buwọ́ lu ìwé pé èkúté ti tán nílé mi.

Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n wà. Ìgbẹ́ dúdú wà lẹ́yìn sítóòfù, bí ẹyọ ìrẹsì, ó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Lóru, a máa ń gbọ́ wọn lájà, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fi èékánná ha páálí. Ni mo bá pe ilé iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn dá mi lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, n ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ni mi ò lè gbàgbé. Ó pẹ́ ní wákàtí 2, kò sì tọrọ àforíjì. Ìdúró ló wà látìgbà tó wọlé títí tó fi jáde. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ohunkóhun. Ó fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ, ó kì í bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń pariwo tétí wa ò lè gbọ́. Orí á fọ́ wọn, wọ́n á sá lọ.” Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í la ògiri tàbí ẹrù kọjá, pé kì í sì í pẹ́ tó fi ń mọ́ èkúté lára. Láti ọdún 2001 ni FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tó ń tà á, tí wọ́n lé ní 60, pé kí wọ́n ní ẹ̀rí tó yè kooro lọ́wọ́ kí wọ́n tó polówó ẹ. Òun ló gbé wá kì bọ iná mi!

Èyí tó dùn mí jù ni májèlé. Ó wọ́n ọn sẹ́yìn àga, nílé tí ọmọ ti ń rá. Irú májèlé yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í sì í pa èkúté lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan, ibi tó bá sì bá èkúté ló máa kú sí. Ọ̀kan kú sínú ògiri wa. Òórùn ẹ̀ lé wa kúrò ní pálọ̀. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní òórùn yẹn gan-an ló fi hàn pé iṣẹ́ ti yọrí. Ọkùnrin náà padà wá, ó buwọ́ lùwé lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tún pè. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n dúró lórí fóònù. Ẹnì kejì ní, “Ìwé yín fi hàn pé iṣẹ́ ti parí, mà. Ẹ ó san owó tuntun.” Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀gá fún mi. Mo ti ṣírò sórí ìwé kí n tó pè: ọjọ́ 19 sí 21 ni oyún èkúté máa ń lò, ọmọ tí kò sì tíì hu irun rárá kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. “Nítorí náà, sà, lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ yín buwọ́ lùwé yẹn, oyún ti wà nínú ìyá wọn, inú ilé mi ló sì ń gbé.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọn á rán ẹlòmíì wá lọ́la, ṣùgbọ́n màá san ìdajì owó.

Mo ti múra ìjà de ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn. Màmá kan ló wọlé, wọ́n á ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ bá ọmọ mi ṣeré, wọ́n wá ní, “Ìyàwó, pẹ̀lẹ́. Ibo lo ti ń gbọ́ wọn, aago mélòó sì ni?” Kò sẹ́ni tó bi mí níbèérè yẹn rí. Ìbínú mi wálẹ̀.

Màmá ṣa gbogbo májèlé ẹ̀yìn àga sínú ọ̀rá, wọ́n dì í pa. Wọ́n so tìmùtìmù mọ́ orúnkún, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n pa iná, wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì gba ìsàlẹ̀ ògiri. Ìlà dúdú kan hàn, ó ń dán, láti ẹ̀yìn sítóòfù dé abẹ́ síǹkì. Ọ̀rá ara èkúté ni, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lóròòru. Èmi tí mò ń nu ilé yẹn láràárọ̀, mi ò rí i rí.

Wọ́n mú pẹ́ńsù lápò, wọ́n ń kì í bọ gbogbo àlàfo. “Ibi tí pẹ́ńsù bá ti wọ̀, ìyàwó, èkúté á wọ̀ ọ́.” Ihò 9 la kà, èyí tó burú jù wà níbi tí páìpù omi ti wọ inú ògiri. Kànrìnkàn irin ni wọ́n fi dí wọn, torí eyín èkúté kì í ràn án, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì yẹn rí ṣágiṣàgi lára táìlì mi. Mo sọ fún màmá, wọ́n ní àwọn kì í ṣe bíríkìlà. Inú mi ò dùn síyẹn.

Tàkúté onípákó 12 ni wọ́n dẹ sẹ́yìn ẹrù, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé. Ibi ìjẹ gbogbo wọn kọjú sí ògiri, torí èkúté máa ń fi irunmú nu ògiri bó ṣe ń rìn. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìjẹ kò ju orí ìṣáná lọ. Tó bá pọ̀, á lá a láìtẹ tàkúté. Òru àkọ́kọ́, 4. Òru kejì, 2. Ẹ̀kẹta, 1, ó tóbi, mo gbà pé ìyá yẹn ni.

Bí mo ṣe gbé ìgbálẹ̀ láti gbá ìgbẹ́ wọn, màmá pariwo: “Má gbá a!” Eruku ẹ̀ lè gbé àìsàn wọ imú. Ìbọ̀wọ́ ni kí n wọ̀, kí n fi bílíìṣì ìwọ̀n 1 tí mo pò mọ́ omi ìwọ̀n 10 rin ín gbinrin, kí n dúró ìṣẹ́jú 5, kí n tó fi bébà nù ún. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán, wọn ò wo aago.

Ó di ọ̀sẹ̀ 5 báyìí. Mo máa ń bu pọ́ńdà sílẹ̀ níwájú síǹkì kí n tó sùn; tílẹ̀ bá mọ́, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí ẹ̀. Ọ́fíìsì ò tíì dá ìdajì owó mi padà, wọn ò sì tọrọ àforíjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní kí n fún àwọn ní máàkì.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá máa pè wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá màmá yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.