Orin atukọ̀ tó ń mú ara yá gágá: èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ “Haul Away Joe”. Orin okùn fífà ni, láti inú ọkọ̀ ìgbòkun ayé àtijọ́. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Bí wọ́n bá ti dé orí “Joe” tó kẹ́yìn ègbè, gbogbo ọwọ́ á fa okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akọrin òde òní ti ń bà á jẹ́: wọ́n ń sáré kọ ọ́, “Joe” ò wá lágbára mọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n fẹnu lásán kọ, láìsí gìtá, tí ègbè rẹ̀ rinlẹ̀ dáadáa.

“Drunken Sailor” yá jù ú lọ, torí ìrìn ni wọ́n fi ń bá a ṣiṣẹ́: àwọn atukọ̀ á di okùn mú, wọ́n á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ lọ lórí ọkọ̀. Èyí tí ẹ ò bá lè fẹsẹ̀ janlẹ̀ sí láìmí hẹlẹhẹlẹ ti yá jù.

“Wellerman” tí Nathan Evans, akọrin ará Scotland, sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí TikTok ní 2021 dùn púpọ̀, ègbè rẹ̀ sì tètè ń há sórí. Àmọ́ orin àwọn apẹja àbùùbùtán ní New Zealand ni, kì í ṣe orin okùn fífà.

Bí ẹ bá ń kọ wọ́n nílé, ohùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń lé bá gbé e sókè jù, ohùn àwọn elégbè ò ní ká a.