Omi màlúù nígbà yìnyín: híítà tó ń léfòó àbí ọpọ́n tó ní híítà lábẹ́?

Ní Minnesota àti Wisconsin, ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, òru kan ṣoṣo nínú oṣù Kìíní tó láti sọ omi màlúù di yìnyín gbagidi.

Híítà tó ń léfòó kò wọ́n. Ẹ jù ú sínú ọpọ́n, ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ iná, ó parí. Wáyà rẹ̀ ni wàhálà. Màlúù a máa jẹ ẹ́, ẹṣin a sì máa fi imú ti híítà náà kiri (ẹṣin kì í fi nǹkan sílẹ̀ jẹ́ẹ́). Tó bá bọ́ síta nígbà tó ṣì ń gbóná, ó lè yọ́ ọpọ́n oníke tàbí kó dáná sun koríko. Èyí tó jẹ́ 1,500 wáàtì ń fa áńpíà 12.5 lórí iná 120 fólítì, nítorí náà wáyà ìfàgùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e.

Ọpọ́n tó ní híítà lábẹ́ wọ́n, ó sì gba oníṣẹ́ iná. Wọ́n á dè é mọ́ kọnkéré, wáyà á gba inú páìpù wọlé, ẹnu ẹran kò ní tó o. Bí ẹran bá pọ̀, èyí ni mo fara mọ́.

Nínú méjèèjì, ẹ fi GFCI sí i, ẹ̀rọ tó ń já iná kíá bó bá ń jò. Wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá jò kúrò lára ọpọ́n, gbọ́dọ̀ padà dé ibi tí iná ti wá. Irin tí a gún mọ́lẹ̀ nìkan kò tó. Bí màlúù bá ń fi ahọ́n lá omi dípò kó mu ún, tàbí tó ń sún sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé iná ń jò sínú omi; ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọpọ́n.