Kí Ẹ Tó Sanwó ní Alábà, Ẹ Ní Kí Wọ́n Pa Wúfà

Ọjà Alábà, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ra rìsífà kan (ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn spíkà), spíkà márùn-ún àti wúfà kan (spíkà ńlá tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde) fún yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún fíìmù wíwò nílé wa ní FESTAC. Mo gbóríyìn fún ontajà náà nítorí pé ó gbà kí n gbọ́ ohùn ọjà kí n tó rà á. Páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń nà síni.

Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ wò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Orin ni wọ́n máa ń tàn, wọn a sì yí wúfà sókè títí àyà oníbàárà yóò fi máa mì, kí ó lè rò pé ọjà gidi ni òun bá pàdé. Bẹ́ẹ̀, inú spíkà àárín, èyí tí a ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣàn, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ti ń jáde, bí ó bá sì ń kùn bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu, kò sí wúfà tó lè tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n pa wúfà, kí wọ́n sì tan fíìmù tí mo mọ̀ dáadáa, níbi tí ènìyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Spíkà àárín tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá kò yege. Èyí tó tóbi jù ú lọ ni mo mú.

Nọ́ńbà PMPO gàgàrà tó wà lára páálí, ìyẹn iye wáàtì tí wọ́n fi ń polówó ọjà, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni; RMS, ìyẹn wáàtì tí ẹ̀rọ lè máa gbé láìdúró, ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) pẹ̀lú: bí spíkà kan bá ń mú 87 dB jáde pẹ̀lú wáàtì 1 ní mítà 1, tí èkejì ń mú 90 dB jáde, ìlọ́po méjì wáàtì ni ti àkọ́kọ́ yóò jẹ kí ohùn wọn tó dọ́gba.

Ontajà náà fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀yìn rìsífà, níbi tí wọ́n kọ fóltì (V) iná tó ń lò sí, hàn mí láìjẹ́ pé mo béèrè, nítorí 120 V ni ti Amẹ́ríkà, 230 V sì ni tiwa; ẹni tó bá ki ti Amẹ́ríkà bọ iná wa tààrà, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí. Ó tún fẹ́ ta spíkà Dolby Atmos tó ń kọjú sókè fún mi, irú èyí tó ń mú kí ohùn dà bí ẹni pé òkè ló ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n òrùlé tó tẹ́jú ni irú rẹ̀ nílò láti dá ohùn padà sísàlẹ̀, POP oníṣẹ́-ọnà sì ni tiwa, n kò gbà. Rọ́ọ̀gì àti kọ́tìnì tó nípọn ni mo fi owó náà rà, nítorí yàrá onítáìsì tó ṣófo máa ń da ọ̀rọ̀ rú.

Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù náà rán wá láti to ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó so wáyà spíkà iwájú kan sódì, pupa sójú dúdú, ohùn wọn sì fẹ́lẹ́. Ó tún gbé ti ẹ̀yìn sí igun òrùlé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ni ó yẹ wọ́n. Ẹ ra ọjà wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò tò ó.