Bajaj Boxer BM100 fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ alùpùpù

Mo gbà pé Bajaj Boxer BM100 dára fún ẹni tí kò gun alùpùpù rí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 cc (ìwọ̀n bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó) lọ, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀ débi tí yóò fi tètè já mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ni a fi ń fún kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí ó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà), ẹsẹ̀ òsì ni a sì fi ń yí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó bá rọra ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní jíà kìn-ín-ní, láìtíì fún un níná, yóò mọ ibi tí ọ̀kadà ti ń gbéra. Bíréèkì dírọ́ọ̀mù rẹ̀ (irú èyí tí ó ń há mọ́ inú àgbá àárín táyà) ni kò wú mi lórí, pàápàá nígbà òjò. Kí olùrà sì tètè yọ owó àkóto gidi sọ́tọ̀.